Ìṣáná Kẹfà

Effie ló kọ́kọ́ sọ ọ́, àwàdà ló sì fi ṣe.

"Àǹtí Thirza, yẹ̀rì yín yìí mà gbóná o! Ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ kí lẹ rán mọ́ ìṣẹ́tí ẹ̀? Láti àárọ̀ ló ti ń gún mi lójúgun bí eegun ẹja."

Thirza Crannock ti gbé òòlù igi rẹ̀ sókè, ó fẹ́ fi lu ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ẹ̀tù mọ́ inú ọta àgbá. Òòlù náà kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó dúró sókè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀rù wà, ẹ̀rù sì tún wà. Èyí tó mú Thirza láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nínú oṣù kejì ọdún 1917, kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń pariwo sí. Irú tó máa ń gbẹ itọ́ lẹ́nu èèyàn ni. Ó mọ ohun tó wà nínú ìṣẹ́tí yẹ̀rì yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an síbẹ̀, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tó sì gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Ìṣáná ni. Ìṣáná mẹ́fà!

Níbo sì ni ìṣáná ọ̀hún wà? Ilé Kọkànlá ni, nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sáàárín irà létí odò, níbi tí wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sínú ọta tí wọ́n ń kó lọ sójú ogun ní Faransé. Ọgọ́ta obìnrin ló wà nínú ilé pákó náà. Eruku ẹ̀tù wà lórí tábìlì, ó wà nílẹ̀, ó wà nínú irun wọn, ó ti sọ awọ ojú wọn di àwọ̀ ìyeyè. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bọ́ bàtà òde sí apá kan pátákó pupa kan tí wọ́n fi dábùú ilẹ̀, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ sọdá, wọ́n á wá wọ bàtà inú tí kò ní ìṣó kankan. Ìkótí kò gbọdọ̀ wọlé. Òrùka ìgbéyàwó gan-an, òwú ni wọ́n ń wé mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n bá ká ìṣáná mọ́ lára, ilé ẹjọ́ tààrà ni, látibẹ̀ ó di ẹ̀wọ̀n, ì báà jẹ́ pé ó gbàgbé ni, ì báà jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Oṣù kan ṣáájú ìgbà yẹn ni ilé ẹ̀tù kan bú gbàù ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí fèrèsé yàrá Thirza fi mì jìgìjìgì. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń dúró dìgbà tí wọ́n bá sọ fún un kó tó ṣọ́ra.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ìṣáná ń wá nínú yẹ̀rì obìnrin jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìbò ni. Kí ogun tó dé, Thirza wà lára àwọn obìnrin tó ń jà pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin náà máa dìbò. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n kọ̀wé títí, ìjọba di etí bí ẹni pé adití lòun. Nígbà tó sú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ fèrèsé, wọ́n ń dáná sun lẹ́tà nínú àpótí ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ń sun ilé tí kò séèyàn nínú ẹ̀. Ọlọ́pàá ọkùnrin lè tú báàgì obìnrin wò, àmọ́ ta ló máa káṣọ obìnrin sókè ní gbangba? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ìṣẹ́tí yẹ̀rì ni wọ́n ń rán ìṣáná sí, mẹ́fà-mẹ́fà, tí wọ́n á fi bébà tí wọ́n fi àbẹ́là pa wé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òjò má baà bà á jẹ́. Thirza rán tiẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n mú un níwájú ṣọ́ọ̀bù kan pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́, yẹ̀rì míì ló sì wà nídìí ẹ̀. Yẹ̀rì onírun àgùntàn yẹn wà nílé nínú àpótí ìyá ẹ̀. Nígbà tó fi máa tẹ̀wọ̀n dé, tára ẹ̀ máa fi yá, ogun ti bẹ́, àwọn aṣáájú wọn sì ti ní kí wọ́n pa ìjà tì, kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ fún ìlú.

Ẹ má bú u pé ó gbàgbé. Ohun tójú ẹ̀ rí lẹ́wọ̀n tó ohun tó lè múni gbàgbé orúkọ ìyá ẹni. Nígbà tó kọ oúnjẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣe, wọ́dà mẹ́rin dì í mọ́lẹ̀, dókítà ki rọ́bà bọ imú ẹ̀ títí ó fi dé ikùn, wọ́n sì da oúnjẹ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Títí di òní, tó bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń dún, imú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Láàárọ̀ yẹn, yìnyín ti bo gbogbo irà. Effie, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ń wárìrì, ó ń wúkọ́. Kí wọ́n tó jáde nílé, Thirza ló ṣí àpótí, ló fa yẹ̀rì yọ, ló ní, "Gbà, wọ èyí." Àánú ló ṣe é! Ìyá Effie ti sọ fún un létí ọkọ̀ ojú irin pé, "Thirza, ọwọ́ ẹ ni mo fọmọ mi sí o." Ọlọ́pàá obìnrin tó ń yẹ̀ wọ́n wò lẹ́nu géètì tọ́ wọn lápò, ó fọwọ́ wá irun wọn, kò sì sí ohun tó mú un dé ìṣẹ́tí yẹ̀rì.

"Effie," ni Thirza wí jẹ́jẹ́, "má gbẹ́sẹ̀."

"Kí ló dé, Àǹtí?"

"Má jẹ́ kẹ́sẹ̀ ẹ méjèèjì kan ara wọn. Gbé òòlù yẹn kalẹ̀. Rọra. Inú ń run ẹ́."

"Inú ò run mí o."

"Mo ní inú ń run ẹ́!"

Màmá Gedge, tó wà ní tábìlì kejì, gbọ́. Màmá Gedge kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ balẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n! Inú ń run ọmọge. Effie, ṣé kì í ṣe sójà tó wá kí ẹ nígbà Kérésì ló ń ta ẹ́ níkùn yẹn?" Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Effie tijú, ó fọwọ́ bojú, ó sì fẹ́ yí padà dá a lóhùn. Thirza gbá a lápá mú kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó yí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ló wí, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kọ̀, kò jáde.

Ogójì ìṣísẹ̀ ló wà láti tábìlì wọn dé ẹnu ọ̀nà. Thirza ní kí Effie ṣáájú, òun tẹ̀ lé e, ó tẹjú mọ́ ìṣẹ́tí yẹ̀rì tó ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́. Ohun tó ń rò kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n jáde, kí òun bọ́ nǹkan yìí lára ọmọ náà, kí òun rì í mọ́nú irà, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kì í ṣe ọgọ́ta obìnrin yẹn nìkan ló ń rò. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n ló ń dún létí ẹ̀.

Wọ́n sọdá pátákó pupa, wọ́n bọ́ sínú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ òde kọ́ sí. Kò séèyàn níbẹ̀. Effie bọ́ yẹ̀rì, Thirza jókòó sílẹ̀, ó fi eyín já òwú ìṣẹ́tí, nítorí kò sí sísọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọ̀kan jáde nínú bébà ẹ̀. Ìkejì. Ìkẹta. Effie lanu, kò lè pa á dé.

"Ìṣáná? Àǹtí, ìṣáná lẹ wọ̀ sí mi lára?"

"Dákẹ́, ọmọ mi. Mo gbàgbé ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, dákẹ́."

Ìkẹrin. Ìkarùn-ún. Thirza fà á síwájú, ó dé ojú ibi tí ìkẹfà yẹ kó wà. Bébà ẹ̀ nìkan ló bá, ó ti ya. Aṣọ ibẹ̀ ti lu, ihò náà gba orí ìka kékeré. Ó fọwọ́ tọ́ gbogbo ìṣẹ́tí náà yípo lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

"Bóyá ojú ọ̀nà ló bọ́ sí," ni Effie wí, ohùn ẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún. "Bóyá inú ọkọ̀ ojú irin ni. Àbí?"

"Ìgbà wo ló gún ẹ jù?"

Effie ronú. Ojú ẹ̀ yí padà. "Nígbà tí mo kúnlẹ̀. Ẹ̀tù dà nù lábẹ́ tábìlì, mo kúnlẹ̀ gbá a. Mo gbọ́ tí nǹkan dún pẹ́ẹ́ bí ẹni pé òwú já. Mi ò kà á sí."

Thirza dìde, ó tún jókòó. Ká ní ó pé mẹ́fà ni, mo fi orí mi búra fún yín, à bá máà gbọ́ ìtàn yìí láéláé. Ì bá ti rì wọ́n mọ́lẹ̀, ì bá fi omi ṣan ẹnu, ì bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ Màmá Gedge àti àwọn yòókù wà nínú ilé yẹn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lórí pákó tí ìṣáná wà.

Ọlọ́pàá obìnrin tó wà lẹ́nu géètì ń jẹ́ Adela Venn. Bí ayé ṣe rí nìyí: òun náà ti ṣẹ̀wọ̀n rí torí ìbò, yàrá ẹ̀ ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Thirza lẹ́wọ̀n. Òun ló máa ń kan ògiri sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá fi rọ́bà yẹn jẹ ẹ́ níyà tán, kó lè mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Nísinsìnyí ó ti wọ kóòtù ọlọ́pàá, bàtà ẹ̀ ń dán. Thirza lọ bá a nínú yìnyín, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ fún un.

Adela wo ìṣáná márùn-ún, ó wo bébà tó wé wọn. Ó mọ bébà yẹn. Òun náà ti rán irú ẹ̀ rí.

"Wèrè ni ẹ́? Ta ló rí i?"

"Effie nìkan."

"Lọ jù wọ́n sódò. Mi ò rí ẹ, ìwọ náà ò rí mi. Thirza, kúrò níwájú mi!"

"Ọ̀kan ṣì wà nínú Ilé Kọkànlá, Adela. Ó bọ́ sílẹ̀. Lábẹ́ tábìlì wa."

Adela bojú wẹ̀yìn. "O mọ ibi tí wọ́n máa gbé ẹ lọ?"

"Mo mọ̀."

"O ní o mọ̀! Ṣé o lè tún lọ síbẹ̀?"

"Mi ò lè lọ síbẹ̀," ni Thirza wí, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mo fẹ́ tọ̀ sára. Lu aago ìkìlọ̀ yẹn, jọ̀ọ́, kí n tó yí ọkàn padà."

Adela lu aago. Ọgọ́ta obìnrin jáde sínú yìnyín pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ nìkan lọ́rùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Hobday, tó jẹ́ alábòójútó, sáré dé pẹ̀lú aago àpò lọ́wọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ń fi wáyà da láàmú láti Lọ́ńdọ̀nù ní gbogbo wákàtí ni, pé ọta ò tó, ọta ò tó. Ó fa Thirza sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Adela àti Effie nìkan ló wà nítòsí.

"Míìsì Crannock, ọdún mẹ́rin ni o sọ pé o ti rán nǹkan yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló ń rántí iye ìṣáná láti ọdún mẹ́rin? Èmi ò rántí ohun tí mo jẹ lánàá. Tó bá jẹ́ márùn-ún lo rán, a ti rí gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Màá jù wọ́n sódò, àwọn obìnrin yìí á wọlé padà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, mo ní láti dá iṣẹ́ dúró, mo ní láti kọ̀wé sókè, mo ní láti fà ẹ́ lé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́. Wọ́n á sì wádìí ẹ, wọ́n á rí i pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ronú dáadáa. Márùn-ún àbí mẹ́fà?"

Ó là á sílẹ̀ fún un pẹrẹsẹ. Kò ṣẹ́jú sí i, kò rẹ́rìn-ín músẹ́. Adela tẹjú mọ́lẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà. Imú Thirza bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó wo àwọn obìnrin tó fún ara wọn mọ́ra nítorí òtútù. Ó ṣe é bíi pé kó sọ pé márùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n ẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, ó ti dé bẹ̀.

"Mẹ́fà ni, sà. Mẹ́fà-mẹ́fà la máa ń rán an. Mi ò lo ọ̀kan rí nínú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ di ti gbogbo ayé. Kí wọ́n tó kó aṣọ tútù àti garawa omi jọ, Màmá Gedge ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí!" ló pariwo. "Ìbò, ìbò, ìbò! Ṣé ẹ máa fi ìbò yín pa wá kó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni? Mo ṣe yẹ̀yẹ́ ọmọ ẹ láàárọ̀ yìí, ikú ló wà nídìí ẹ̀ tí mo ń fi ṣẹ̀fẹ̀!" Ẹnì kan ṣa yìnyín, ó jù ú lu Thirza láyà. Thirza kò nù ún kúrò.

Obìnrin mẹ́wàá fínnúfíndọ̀ wọlé lọ wá a. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ ní pákó kan tẹ̀ lé pákó kan, wọ́n gbo ẹ̀tù tó wà nílẹ̀ mọ́mi, wọ́n fọwọ́ tú u wò. Wákàtí méjì ni wọ́n fi wá a. Wọn ò rí i. Ẹnì kan wá rántí pé ẹ̀tù tí Effie gbá lábẹ́ tábìlì, ó ti dà á padà sínú abọ́, nítorí wọn kì í fi ẹ̀tù ṣòfò. Láti inú abọ́ yẹn ló sì ti ń bu tó fi kún ọta. Ọta mélòó? Effie ò mọ̀. Wọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ ti díẹ̀ lọ sí ilé ìkópamọ́, ìyókù ṣì tò sórí tábìlì, wọ́n ṣì ń dúró de òòlù.

Ọ̀gá Hobday wo aago ẹ̀. Ó ní ojú ọ̀nà ni nǹkan náà bọ́ sí, ó dá òun lójú. Ó ní kí wọ́n wọlé. Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ wọlé lè máa lọ sílé, àmọ́ òun ò ní fún un níwèé ìyọ̀ǹda, ilé iṣẹ́ míì ò sì ní gbà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Kò sẹ́ni tó mira. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Màmá Gedge, òun tó ń bú èèyàn láti àárọ̀, bọ́ bàtà òde. "Ọmọ mi méjì ló wà lójú ogun lọ́hùn-ún," ló wí. "Ta ni kó ki ọta fún wọn? Ọba?" Ó gbẹ́sẹ̀ sọdá pátákó. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Wọ́n kàn ń bọ́ bàtà.

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé," ni Thirza bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n wọlé, tábìlì mi nìyẹn! Adela, ẹ̀wọ̀n náà ò sá lọ, mú mi lọ lọ́la!"

"Ẹni tí wọ́n bá ti mú kò gbọdọ̀ sọdá pátákó mọ́," ni Adela wí. Ó dì í lápá mú.

Effie ló kù lẹ́yìn. Ó ti bọ́ bàtà òde. Thirza nawọ́, ó di ẹ̀wù ẹ̀ mú. "Ìwọ má wọlé. Mo kọ̀. Ìyá ẹ fi ẹ́ sọ́wọ́ mi."

"Tí mi ò bá wọlé, Àǹtí, wọ́n á ní a mọ nǹkan kan. Wọ́n á sá jáde, wọ́n á tẹ ara wọn pa. Èmi ni mo sì gbé e wọlé." Ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó tún wá dà bí ọmọdé nígbà tó sún mọ́ ọn, tó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé kò lè jẹ́ pé márùn-ún ni? Bóyá ẹ ṣì í kà lọ́jọ́ yẹn? Ẹ ṣáà sọ pé ó lè jẹ́ márùn-ún."

Irọ́ ló ń tọrọ, irú irọ́ kékeré tí à ń pa fún ọmọ tára ẹ̀ ò yá kó lè sùn. Thirza ì bá fi ẹ̀mí ẹ̀ ra irọ́ yẹn fún un. Àmọ́ tí ó bá pa á, ọkàn ọmọ náà á balẹ̀, á wọlé, á máa lu òòlù bó ṣe ń lù ú tẹ́lẹ̀, kò ní wo inú abọ́, kò ní wo abẹ́ ẹsẹ̀.

"Mẹ́fà ni, ọmọ mi," ló wí. "Fọwọ́ tú ẹ̀tù inú abọ́ ẹ wò kó o tó bù ú. Wolẹ̀ kó o tó gbẹ́sẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ẹ lójú."

Effie mi orí pé òun ti gbọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sọdá pátákó, ó dúró díẹ̀, ó gbé tòsì. Wọ́n tilẹ̀kùn.

Ọkọ̀ tó máa gbé Thirza lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ti dé, ẹṣin ẹ̀ ń fẹsẹ̀ wa yìnyín. Adela ní kó jẹ́ káwọn máa lọ. Thirza jókòó sílẹ̀ nínú òtútù, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní dìde títí wọ́n á fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Aago kan ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Aago mẹ́fà ni wọ́n máa ń ṣíwọ́.